Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pickleball l'Adó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè yìí o. Ẹ ní ẹ ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ ò gbá tẹ́nìsì rí, ọmọ yín tó wà l'Amẹ́ríkà wá fi bátì pickleball méjì ránṣẹ́, ẹ wá ń bèèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Eré tó jọ tẹ́nìsì ni pickleball, bátì pẹlẹbẹ la fi ń gbá bọ́ọ̀lù oníhò kọjá lórí àwọ̀n. Ẹni ọdún 52 ni èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ l'Adó níbí. Agbára kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ o. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ́ ọwọ́ rírọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pápá dá yín dúró. Ìlà badminton tí èèyàn mẹ́rin ń gbá bá a mu gẹ́lẹ́: ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú, 44 ní gígùn. Àwọ̀n nìkan ni ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ́ íńṣì 36 létí méjèèjì, 34 láàárín. Kọnkéré iléèwé kan ni àwa ń lò, téèpù káfíńtà la fi wọ̀n ọ́n, ṣọ́ọ̀kì la fi fa ìlà. Ẹ tètè jí lọ, nítorí bọ́ọ̀lù oníhò yẹn fúyẹ́. Tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ti dé, ibi tó bá wù ú ló ń gbé e lọ.

Ibi tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹsẹ̀ bàtà méje tó sún mọ́ àwọ̀n ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Kíṣíìnì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ ìlà rẹ̀, kí ẹ sì gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì kan ilẹ̀. Bí ẹ tiẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà nígbà tí ẹ gbá a, tí eré bá gbé yín wọ inú rẹ̀, ẹ ti pàdánù nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti ta nínú kíṣíìnì, ẹ wọlé lọ gbá a, kò sí wàhálà.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń gbá gbogbo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ipá. Bàbá kan tí a jọ ń gbá a ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọwọ́ tí a fi ń gún iyán kọ́ rèé. Fọwọ́ tì í, má là á mọ́lẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré, èmi àti ẹnì kan á dúró lẹ́yìn ìlà kíṣíìnì, a ó máa rọra ti bọ́ọ̀lù sínú kíṣíìnì ara wa títí yóò fi pé ogún láì bọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, a ò kọjá mẹ́rin. Èyí gan-an ló sọ mí di ẹni tó ń gbá a.

Sáàfù, ìyẹn gbígbá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, kò le: ẹ gbé e láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, ẹ gbá a lọ sí igun òdìkejì. Ẹni tí wọ́n sáàfù sí gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó sáàfù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èyí tó padà wá ta. Ìhà tó ń sáàfù nìkan ló ń gba máàkì, 11 ló ń parí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi méjì ta wọ́n yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ wàyí. Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀, mo wá ń fi ẹ̀yìn rìn kíákíá. Gìgísẹ̀ mi kọ́, mo na ọwọ́ sẹ́yìn kí n má baà fi orí lélẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún sì gba gbogbo ara mi. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni P.O.P fi wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnì, ọwọ́ òsì ni mo fi ń di ṣíbí mú jẹ iyán, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, tí bọ́ọ̀lù bá gba orí yín kọjá, ẹ má fi ẹ̀yìn sáré láé. Ẹ kọ́kọ́ yí èjìká àti ẹsẹ̀, kí ẹ tó sáré tẹ̀ lé e. Tí kò bá ṣeé bá, ẹ fi sílẹ̀, máàkì kan ṣoṣo ni.

Tí ọmọ yín bá tún fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ ní kó jẹ́ bàtà tẹ́nìsì. Bàtà tí wọ́n fi ń sáré ga nílẹ̀, ó sì rọ̀. Tí ẹ bá fò sí ẹ̀gbẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á yí. Òkìrìkà ni tèmi, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì di ilẹ̀ mú dáadáa.