Kọ́ńtáàtì àtijọ́ ò gba fọ́ọ̀mù tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wuse 2 l'Abuja ni ọ́fíìsì wa wà, Outlook la ń lò. Mo ṣe fọ́ọ̀mù kọ́ńtáàtì tó ní àyè fún ìpínlẹ̀ kọsítọ́mà àti ọjọ́ tí àdéhùn ẹ̀ máa parí, mo ti pọ́blíìṣì ẹ̀, àmọ́ àwọn kọ́ńtáàtì tó ti wà nílẹ̀ ò gbà á, fọ́ọ̀mù tó bá Outlook wá náà ló ṣì ń ṣí. Kí ni mo máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Kò sóun tó ṣe fọ́ọ̀mù yín, kọ́ńtáàtì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orúkọ fọ́ọ̀mù tiẹ̀ kiri, Message Class ni wọ́n ń pè é, ti àtijọ́ ń jẹ́ IPM.Contact, tiyín á máa jẹ́ nǹkan bí IPM.Contact.Onibara. Ẹ fi VBA kékeré kan (kóòdù téèyàn ń kọ sínú Outlook) yí Message Class àwọn kọ́ńtáàtì àtijọ́ padà sí tiyín, ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù ná o! Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣàtúnṣe lọ́jọ́ iwájú, orúkọ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi pọ́blíìṣì, ẹ má sọ ọ́ di Onibara2 rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàhálà yìí á tún bẹ̀rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà ẹnì kan bá ṣì ń gbé ti tẹ́lẹ̀ jáde, ẹ wọ File, Options, Advanced, Custom Forms, Manage Forms, kẹ́ ẹ tẹ Clear Cache.

Ṣé inú Personal Forms lẹ fi sí ṣá? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i níbẹ̀, ibi tí gbogbo ọ́fíìsì lè rí ni Organizational Forms lórí Exchange, ìyẹn sáfà ímeèlì ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ará, Outlook tuntun ti Windows ò mọ irú fọ́ọ̀mù yìí rárá, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kó má tíì sún bọ́tìnnì tó ń gbé èèyàn lọ sí Outlook tuntun yẹn.