Ẹ Bi Olùkọ́: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Yíyí Nǹkan Po

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS1 lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbéra ní Èbúté Èrò, wọ́n gba abẹ́ Afárá Èkó já sí Marina, wọ́n wọ omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá Falomo, wọ́n yọ sójú ọ̀sà, wọ́n sì gba abẹ́ Third Mainland padà sí Èbúté Èrò. Nígbà tí iléèwé wọlé, ó kọ ọ́ sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì pé “We circumnavigated Lagos Island.” Olùkọ́ rẹ̀ fi báírò pupa fa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó kọ “circled” rọ́pò rẹ̀, ó sì yọ máàkì. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti fajú ro. Ta ló jàre?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ yín ló jàre, ìyá wa. Orúkọ erékùṣù nìkan ló kù kó tún ṣe, màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Èbúté Mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n má tíì sáré wá ọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn: kí ló wà láàárín tí a ń yí po? Kí la fi yí i po? Ṣé a padà dé ibi tí a ti gbéra? Lédè tiwa, “yí po” tàbí “yí ká” ti tó, ìyókù gbólóhùn ni yóò sọ bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà yìí.

“Circle” kì í ṣe àṣìṣe. Àwòdì tó ń yí lókè ọjà ń “circle”, ọlọ́pàá tó ń fi ọkọ̀ yí ilé kan po náà ń “circle” rẹ̀. Àmọ́ kò sọ ohun tí a fi yí i po fún wa. “Circumnavigate” sọ ọ́. Láti inú èdè Látìn ló ti wá: “circum” ni yí ká, “navis” sì ni ọkọ̀ ojú omi. Lóòótọ́, wọ́n ti ń lò ó fún bàálù náà lóde òní, ṣùgbọ́n omi ni orírun rẹ̀. Ọmọ yín wọ ọkọ̀ ojú omi, ó yí ilẹ̀ po, ó sì padà sí èbúté tó ti gbéra. Kí ló tún kù?

Ẹ má fojú kékeré wo pípadà síbi tí a ti gbéra yẹn. Àìmọye ènìyàn ló ń sọ pé Magellan ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yí ayé po. Òun ló kó ọkọ̀ márùn-ún jáde ní Sípéènì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1519, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á sójú ìjà ní erékùṣù Mactan, ní Philippines, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1521. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Victoria ló parí ìrìn náà. Juan Sebastián Elcano ló jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ padà sí Sípéènì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1522, pẹ̀lú ènìyàn 18 péré. Elcano àti àwọn tó kù nínú ọkọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí.

Ẹ tún wo Bartolomeu Dias. Lọ́dún 1488, ó yí ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà kọjá, ó sì gba ọ̀nà tó bá lọ padà sílé. “He rounded the Cape” ni Gẹ̀ẹ́sì sọ fún tirẹ̀. “Round” tó fún ẹni tó yí ṣóńṣó ilẹ̀ kan kọjá, kò dandan kó yí gbogbo ilẹ̀ náà po.

Ó wá ku orúkọ erékùṣù. Ìjọba àmúnisìn ló gbẹ́ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní MacGregor Canal sáàárín Lagos Island àti Ìkòyí. Nígbà yẹn, omi yí Lagos Island po lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dí i, wọ́n ti kọ́lé lé e, ilẹ̀ méjèèjì sì ti lẹ̀ mọ́ra padà. Ìdí rèé tí àbúrò yín fi ní láti lọ gba abẹ́ Falomo kó tó lè yọ sọ́sà. Ilẹ̀ tí wọ́n yí po ju ohun tí ọmọ náà rò lọ! “We circumnavigated Lagos Island and Ikoyi” ni kó kọ. Kí ó fi ọ̀wọ̀ gbé e lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kó ya àwòrán ọ̀nà náà síwájú rẹ̀. Ó dùn mí pé ọmọ wá irú ọ̀rọ̀ yìí rí fún ìrìn tó fi ojú ara rẹ̀ rí, ká wá fi báírò pupa pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bá mi kí i dáadáa.

Ìyá Olùkọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ “The earth rotates round the sun.” Mo ní kí wọ́n kọ “revolves”, ẹnì kejì mi ní ọ̀kan náà ni méjèèjì. Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn?
Tíṣà, Muṣin

Ẹ wá òkòtó kan lọ sí kíláàsì. Ẹ ta á sílẹ̀. Bó ṣe ń ràn lójú kan yẹn, “rotate” nìyẹn: ààrin tó ń yí po wà nínú ara rẹ̀. Ayé ń yí bẹ́ẹ̀ ní wákàtí 24 ó dín díẹ̀, òun ló ń fún wa ní ọ̀sán àti òru. Tí ààrin bá wà níta, “revolve” la ń wí, bí ayé ṣe ń yí oòrùn po ní ọjọ́ 365 àti ìdámẹ́rin. “Orbit” lè jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà yí po, ó sì lè jẹ́ yíyípo náà fúnra rẹ̀; ẹ fi NigeriaSat-1 tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú lọ́dún 2003 ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹnì kejì yín kò jẹ̀bi tán, torí ilẹ̀kùn báńkì tó ń yí lórí òpó ara rẹ̀, “revolving door” ni wọ́n ń pè é. Nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi ọmọ kan ṣe oòrùn láàárín, kí òmíràn máa yí i po, kó sì máa yí ara rẹ̀ náà. Kí òòyì tó kọ́ ọ, ẹ bi ìyókù léèrè èwo ni èwo.

Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ sọ èyí fún wọn: nígbà tí Victoria tí mo sọ lókè dé Cape Verde, ọjọ́rú ni àwọn inú ọkọ̀ kà á sí. Pigafetta, tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kọ ọ́ pé àwọn ará orí ilẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ ni. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń wà á lọ, ayé sì ń yí sí ìlà-oòrùn lábẹ́ wọn. Òwúrọ̀ kan ni wọ́n fi pàdánù.

Mo ń ṣàlàyé Hájì fún ìyàwó ọmọ mi, òyìnbó ni. Kí ni mo lè pe tàwáfù, yíyí tí a ń fẹsẹ̀ yí Káábà po lẹ́ẹ̀méje ní Mẹ́kà, lédè Gẹ̀ẹ́sì?
Alhaja, Súrùlérè

“Circumambulation”, Alhaja, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. “Circum” kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló wà nínú eléyìí dípò ọkọ̀. Ẹ sọ fún un pé Káábà máa ń wà lọ́wọ́ òsì, pé òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni a ń yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò ń yí ráńdábáòtù l’Ékòó láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèje, “circuit” ni kí ẹ pè é. Ẹ má pè é ní “round trip” o, torí ìyẹn ni àlọ-àbọ̀ tí ẹ san owó bàálù fún.