“Ṣe é kó fani mọ́ra”: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá olùkọ́ rẹ̀ ya àwòrán ìkọ́ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí, Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Dókítà kan tó ń kọ́ni ní Jiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, gbà mí pé kí n máa ya àwòrán àti síláìdì fún kọ́ọ̀sì wọn, kí n sì ṣe ojú-ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa kàwé. Mo mọ CorelDRAW àti Photoshop dáadáa, mo sì ń kọ́ HTML lọ́wọ́. Wàhálà mi ni pé gbogbo ohun tí mo bá gbé lọ ni wọ́n ń dá padà: “Kò tíì wọ̀ mí lójú, ṣe é kó fani mọ́ra.” Máàpù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan ṣoṣo, tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè yìí, ti gba gbogbo oṣù tó kọjá lọ́wọ́ mi. A ò sì tíì sọ̀rọ̀ owó. Kí ni mo lè ṣe láì rí wọn fín? Ṣé mo sì lè fi iṣẹ́ náà han àwọn oníbàárà mìíràn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ. Ẹwà ni ìwọ àti Dókítà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tí ẹnì kankan nínú yín ò tíì sọ ohun tí àwòrán náà fẹ́ kọ́ ọmọ tó máa wò ó. Ẹ ti gé aṣọ, ẹ ò tíì wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹwà kò ní òdiwọ̀n. Ohun tó wu Dókítà lánàá lè máà wù wọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n “kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka tọ́ ibi tí ilẹ̀ ti pín sí méjì” ní òdiwọ̀n: yálà ó tọ́ ọ, tàbí kò rí i tọ́.

Nítorí náà, kí o tó tan kọ̀ǹpútà, bi wọ́n báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo àwòrán yìí tán, kí lẹ fẹ́ kó lè ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀?” Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lójú wọn. Kò sí àrífín nínú ìyẹn. Olùkọ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló yá lẹ́nu wọn jù. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti fọ́ńtì (irú lẹ́tà) ló máa ń sú wọn, tí wọ́n á kàn ní kó o lọ ṣe é kó fani mọ́ra.

Jẹ́ ká mú máàpù rẹ yẹn. Mo fura pé ohun tí Dókítà fẹ́ fi í kọ́ni ni ìlà tí ilẹ̀ ti ya ní Ifẹ̀wàrà, èyí tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní fault. Ìlà yìí ló pín ilẹ̀ òkúta schist (òkúta onípele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) ti Iléṣà sí méjì. Lápá ìwọ̀-oòrùn, amphibolite, òkúta tó ṣókùnkùn, ló gbilẹ̀. Apá ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wa wúrà ní Ìtagunmodì. Lápá ìlà-oòrùn, quartzite, òkúta tó le gan-an, ló pọ̀, òun ló sì di àwọn òkè tó ò ń rí bí o bá ń lọ síbi omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, kí ni títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ń wá nínú máàpù náà? Kí ni òjìji tó o fi sábẹ́ orúkọ ìlú ń ṣe? Àwọ̀ méjì, ìlà kan tó nípọn láàárín, Iléṣà àti Ifẹ̀wàrà kí ojú lè mọ ibi tó wà, ọfà tó ń tọ́ka àríwá, ó tán. Bí wọ́n bá tún fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá gbogbo irú òkúta mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, máàpù mìíràn nìyẹn. Ẹ má fi méjèèjì há ara wọn.

Ohun kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tí ojú àwọn ayàwòrán kì í tó. Àkọ́kọ́, má kọ òdiwọ̀n bíi “1:50,000” (sẹ̀ǹtímítà 1 lórí máàpù dúró fún 50,000 lórí ilẹ̀) sórí máàpù tó ń lọ sórí fóònù. Bí àwòrán bá sún kì tàbí tó fẹ̀ lójú fóònù, òǹkà yẹn ti di irọ́. Fa ìlà kan tó dúró fún kìlómítà 5 sínú àwòrán gan-an. Bí àwòrán ṣe ń fẹ̀ ni òun náà á máa fẹ̀. Èkejì, má gbára lé pupa àti àwọ̀ ewé nìkan láti fi ya apá kan sọ́tọ̀. Àwọn kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀: ìwọ náà mọ̀ pé fọ́tòkọ́pì dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú kíláàsì máa fi kàwé ìdánwò. Fọ́n àmì tó-tò-tó sórí apá kan, kó o tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, kó o wò ó bóyá ó ṣì yéni.

Pẹ́ńsùlù ni kó o fi ya èyí àkọ́kọ́, sórí bébà lásán. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí ni pé olùkọ́ kì í bẹ̀rù láti fa ìlà sórí àwòrán pẹ́ńsùlù, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì máa ń bá a sọ. Èyí tó bá ti ń dán ní tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá jà. Tí wọ́n bá gbà á, lọ wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bíi méjì tí ò tíì ṣe kọ́ọ̀sì náà, kó o ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí ilẹ̀ ti ya. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o mú lọ bá Dókítà: “Sà, ẹnì kan nínú wọn rò pé odò ni ìlà yìí.” Ẹ ò jọ ń jiyàn mọ́ nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ̀rọ̀.

Ti ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó wà ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́rèmí tàbí tó háyà yàrá ní Ọ̀pá, fóònù ni yóò fi wò ó, dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà ni, iná sì lè ti lọ. Fọ́tò tó o fi fóònù yà lè tó 4 MB. Dín ìbú rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1,200, fi pamọ́ ní JPEG, irú fáìlì tó ń fún fọ́tò kéré, ó lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 200 KB, ojú ò sì ní mọ̀ ọ́n. Máàpù àti àwòrán onílà kì í ṣe JPEG o. JPEG máa ń da eruku sí ẹ̀gbẹ́ ìlà àti lẹ́tà. Irú fáìlì SVG tàbí PNG ni tiwọn. Èyí tó bá ń lọ fún títẹ̀ sórí bébà ní Lagere, 300 dpi (àmì 300 nínú ínǹṣì kan), kó o sì yí i sí CMYK, ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, fúnra rẹ, kí àwọ̀ ewé títàn má baà kú mọ́ ọ lójú níbẹ̀. Má sì kọ àlàyé sínú àwòrán: ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú ò lè rí i kà. Sábẹ́ rẹ̀ ni kó wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí àwọ̀ lẹ́tà sì yàtọ̀ dáadáa sí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlànà WCAG, ti àgbáyé fún ojú-ìwé tí gbogbo ènìyàn lè lò, ní kí ìyàtọ̀ náà má dín ní 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi.

Orúkọ ìlú wa tún ní tirẹ̀. Fọ́ńtì ọ̀fẹ́ tó lẹ́wà pọ̀ tí ò mọ Yorùbá. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì lé e lórí, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Èyí tí ò mọ̀ á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lọ yá lẹ́tà lọ́wọ́ fọ́ńtì mìíràn. Tẹ “Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀wàrà, Ọ̀ṣun” kó o tó yan fọ́ńtì kankan. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL kì í dójú tini. Jọ̀ọ́, má fi ọwọ́ gbé àmì kékeré sábẹ́ o àti s bí mo ti ń rí i kiri. Ẹni tó bá ń wá “Ọ̀ṣun” lórí ojú-ìwé yẹn ò ní rí i láéláé.

O máa lọ fún IT (iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé-iṣẹ́), o máa ṣèdánwò, o máa jáde. Ẹlòmíràn ló máa jogún fáìlì wọ̀nyẹn. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun níbí: nígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá MIT ti Amẹ́ríkà ṣe iLab, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ẹ̀rọ lẹ́bù, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Nítorí náà, fi fáìlì tó ṣeé túnṣe sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́ńtì rẹ̀, kó o sì kọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti wá. Orúkọ fáìlì kí ó má jẹ́ “final final tuntun”. Bí Dókítà bá gbà, fi QGIS (ti máàpù) àti Inkscape (ti àwòrán onílà) ṣe àwọn máàpù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á lè ṣí i láì ra ohunkóhun.

Owó. Má dúró kí wọ́n rántí. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ báyìí: “Ẹ káàsán sà. Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yìí. Kí n má baà ṣì í ṣe, ohun tó yé mi nìyí: máàpù mẹ́rin, síláìdì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú-ìwé kan. Màá kọ́kọ́ gbé àwòrán pẹ́ńsùlù wá kí ẹ wò ó. Tí mo bá yà á tán, ẹ ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá lé sí i, a ó jọ sọ̀rọ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ ní lọ́kàn, ìgbà wo ni màá sì máa rí i gbà? Mi ò ní lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.” Àgbàlagbà kan ò ní bínú sí ìyẹn. Tó bá jẹ́ owó ìwádìí bíi ti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, ni wọ́n fi ń ṣe é, bi wọ́n bóyá owó akẹ́kọ̀ọ́ olùrànlọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, iye kan lórí máàpù kọ̀ọ̀kan ló dára, ṣùgbọ́n wákàtí ni kó o fi ṣírò owó ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í tán.

O lè fi iṣẹ́ náà han oníbàárà, bí Dókítà bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ẹni tó ni ín àti ibi tó o lè lò ó dé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í dúró de ìgbà ìjà. Ìwádìí tí wọn ò tíì tẹ̀ jáde, má gbé e síta rárá. Tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá hàn nínú fọ́tò kan, gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà tàbí kó o yọ ọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023. Ojú-ìwé tí máàkì ẹnikẹ́ni wà lórí rẹ̀, má tilẹ̀ gbé fóònù sún mọ́ ọn.