Èsì: Ajá tó ń sá tẹ̀ lé ẹyẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Pointer yín, ajá ọdẹ tó máa ń fi ìdúró tọ́ka sí ẹyẹ, máa ń dúró gbọn-in bó bá ti gbóòórùn àparò, àmọ́ pé bí ẹyẹ bá ti fò, ó ti sá tẹ̀ lé e nìyẹn. Nínú ìdíje ajá ọdẹ ti AKC (American Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ajá) ní Amẹ́ríkà, wọ́n fara mọ́ ọn fún ipele Derby, tí í ṣe ti ajá tí kò tíì pé ọdún 2. Ní Gun Dog, ipele àwọn ajá tí wọ́n ti kọ́ dáadáa, kò ní gba ipò kankan.

Ẹ so okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹnì kan dì í mú. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ lé ẹyẹ dìde. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ajá máa rí yín. Tẹ́ ẹ bá ti ẹ̀yìn kọjá lára rẹ̀, ẹ̀ ń tì í síwájú ni. Tó bá sún ẹsẹ̀, ẹ gbé e padà síbi tó wà gan-an, láìsọ̀rọ̀. Ẹ má tíì yin ìbọn aláriwo, èyí tí kò ní ọta, títí yóò fi lè dúró jẹ́ẹ́ bí ẹyẹ bá fò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án nídìí ẹyẹ! Ajá tí wọ́n nà níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn àparò kó sì yà kúrò, àìsàn yẹn sì ṣòro wò ju sísá lọ.