Ẹ fi CuPy bẹ̀rẹ̀ ná, CUDA C ò tíì kàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní NumPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python) ń falẹ̀ lórí àwòrán sátẹ́láìtì oko ìrẹsì Kura ní Kano, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ jókòó kọ́ CUDA C, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún GPU, ìyẹn káàdì àwòrán Nvidia. Lójú tèmi, ẹ má tíì débẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun nílùú Abuja níbí, CuPy, tó ń ṣe iṣẹ́ NumPy lórí GPU, ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Kíkọ́ rẹ̀ ò le. Iléeṣẹ́ Preferred Networks ní Japan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é kó jọ NumPy ni. Ibi tí ẹ kọ np (NumPy) sí, ẹ kọ cp (CuPy) síbẹ̀; ọ̀pọ̀ ìlà kóòdù yín ò ní yí padà.

Kíkó dátà lọ bọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Mẹ́mòrì kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀, ti káàdì GPU lọ́tọ̀, ọ̀nà PCIe tó so wọ́n pọ̀ sì lọ́ra gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́mòrì káàdì fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní Kubwa gbé kóòdù rẹ̀ wá bá mi, ó ní GPU òun ò yá tó NumPy. A ṣí i: cp.asarray (tó ń gbé dátà lọ sórí káàdì) wà nínú lúùpù, cp.asnumpy (tó ń gbé e padà) náà wà níbẹ̀. Ìlà àwòrán kan á lọ, á bọ̀, òmíràn á tún lọ, bí ẹni tó ń kó tòmátì láti Kano wá sí Abuja ní agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nvidia-smi, irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ káàdì, fi hàn pé káàdì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. A yọ méjèèjì kúrò nínú lúùpù, a gbé gbogbo àwòrán lọ lẹ́ẹ̀kan, a parí ìṣirò lórí káàdì, èsì nìkan la gbé padà. Ìgbà yẹn ló tó yá.

Ẹ tún ṣọ́ irú nọ́ńbà tí ẹ ń lò. Bándì (ìpele àwọ̀ kan nínú àwòrán) mítà 10 ti sátẹ́láìtì Sentinel-2 jẹ́ píksẹ́lì 10,980 níbùú, 10,980 lóròó. Ní float32 (nọ́ńbà onídésímà oníbíìtì 32), bándì kan á gba bíi 480 MB. Float64 á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìṣirò rẹ̀ lórí káàdì GeForce RTX 3060 sì lè lọ́ra tó ìlọ́po 64. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ ní uint16 (odidi nọ́ńbà tí kò lè lọ sísàlẹ̀ òdo) bó ṣe wá o! Níbi tí omi bá bo oko ìrẹsì, B4 (bándì pupa) lè ju B8 (bándì infrared) lọ; tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára B8, dípò kó lọ sísàlẹ̀ òdo, á fò lọ sí nǹkan bíi 65,000. NDVI yín (òǹkà tó ń fi bí ewéko ṣe ń ṣe dáadáa hàn) ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi astype sọ wọ́n di float32.

Bí mẹ́mòrì bá kún, del nìkan ò tó, CuPy á ṣì di ibẹ̀ mú fún lílò mìíràn. free_all_blocks ló ń dá a padà.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn àkókò, ẹ pe synchronize kí ẹ tó wo aago, torí Python kì í dúró de káàdì. Ẹ má ka ìgbà àkọ́kọ́ tí kóòdù ṣiṣẹ́ mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni CuPy ń kọ́ǹpáìlì.

Tí gbogbo èyí bá ti wà létò tó ṣì ń falẹ̀, ẹ gbìyànjú cp.fuse (tó ń da ọ̀pọ̀ ìṣirò pọ̀ di ẹyọ kan), lẹ́yìn náà RawKernel. Inú RawKernel yẹn ni ẹ ti máa kọ CUDA C, ìwọ̀nba ìlà tí ẹ nílò.