Rélùwéè tó ń sáré àbí ká fẹ pápákọ̀ òfurufú, èwo ló dáa jù?
Tí ìlú méjèèjì ò bá jìnnà síra ju bíi kìlómítà 700 lọ, tí èrò sì pọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, rélùwéè ni mo fara mọ́. Bàálù lè fò fún wákàtí kan péré lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò tíì ka ti mọ́tò dé pápákọ̀, ìlà tẹ́ ẹ máa tò, bẹ́líìtì tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ bọ́, kẹ́ ẹ tún dúró de báàgì. Lórílẹ̀-èdè Sípéènì, Madrid sí Barcelona ju kìlómítà 600 lọ, bíi wákàtí 2 àbọ̀ ni rélùwéè ń lò, àárín ìlú ló sì ń já èèyàn sí, látìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 lọ̀pọ̀ èrò ti fi bàálù sílẹ̀. Àmọ́ owó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe ojú irin o! Torí náà, ibi tí èrò ò bá pọ̀, bàálù náà ni.