Bí ẹ ṣe máa rí ẹni yín tó wà ní àhámọ́ ní Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Mà. Ọlọ́run á yọ ọ́. Ẹ ní Ìbàdàn lẹ wà, wọ́n mú ọmọ yín ọkùnrin ní Houston, Texas, ní alẹ́ Jímọ̀, ẹ sì ti tẹ orúkọ rẹ̀ títí sí ojú òpó ṣẹ́ríìfù (olórí ọlọ́pàá) Harris County, kò jáde. Mo ti wá àbúrò mi lọ́nà yìí rí, mo sì ti bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí wá tiwọn lẹ́yìn náà. Bí kò ṣe sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi hàn pé ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ó níbi tí ẹ máa wò.

Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè yín: níbo gan-an ni wọ́n ti mú un? Ẹ má fi ibi tó ń gbé ṣe. Gbogbo agbègbè yẹn pátá ni àwa ń pè ní Houston, ṣùgbọ́n county, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, county kọ̀ọ̀kan ló sì ní ṣẹ́ríìfù àti ìwé orúkọ tirẹ̀. Harris ni Alief wà. Fort Bend ni èyí tó pọ̀ jù nínú Missouri City. Katy pín sí Harris, Fort Bend àti Waller, tó jẹ́ pé ẹni tó ń wakọ̀ lọ ra búrẹ́dì lè ti kúrò nínú county kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé orúkọ ti Harris kò ní gbé ẹni tó wà ní Fort Bend jáde láéláé. Ẹ wo gbogbo wọn, kí ẹ fi Montgomery County kún un.

Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston ló mú un, ilé kan náà ni wọ́n máa gbé e lọ pẹ̀lú àwọn tí ṣẹ́ríìfù mú. Láti 2019 ni ìlú àti Harris County ti jọ ń lo Joint Processing Center ní àárín ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n níka, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Gbogbo ìyẹn lè gba wákàtí púpọ̀, ó sì lè má tíì hàn lójú òpó ní gbogbo àkókò yẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 9,000 láwọn ọdún àìpẹ́ yìí kì í yára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń há ni orúkọ. Orúkọ tó wà lórí ìwé tí wọ́n bá lápò rẹ̀ ni wọ́n máa kọ. Bí kò bá sí ìwé lápò rẹ̀, ohun tí etí òyìnbó gbọ́ ni. Ẹ̀rọ wọn kò mọ àmì ohùn, ẹ má fi sí i. Adéṣínà lè di Adesina, ó lè di Adeshina. Olúwaṣeun lè di Seun, tàbí kí wọ́n gé e sí méjì. Ẹni tó ní orúkọ ìdílé méjì tí a so pọ̀, wọ́n lè yọ ìlà àárín kúrò kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Nàìjíríà, a máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, wọ́n á sì rò pé òun ni orúkọ ìsàmì rẹ̀. Àbúrò mi ní orúkọ mẹ́ta. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀, nígbà tí mo sì fi ìyẹn wá a, ó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà ẹ yí i po. Ẹ fi orúkọ ìsàmì sí ipò orúkọ ìdílé, ẹ kọ lẹ́tà díẹ̀ tó ṣáájú nínú orúkọ ìdílé nìkan, ẹ dán Sh wò níbi tí S wà.

Ọjọ́ ìbí tún wà níbẹ̀, èyí ni mi ò tíì rí ẹni tó rántí fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin, 07/04 là ń kọ nílé. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú, wọ́n á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Ẹ fi méjèèjì wá a.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní SPN. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Òun ni Harris County fi ń mọ èèyàn. Kódà bí wọ́n bá tún mú un lọ́dún mìíràn, nọ́ńbà yẹn náà ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, kọ́ọ̀tù, lọ́yà, gbogbo wọn ló máa bèèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, àṣìkọ orúkọ kò lè dí yín lọ́wọ́ mọ́.

Ìwé ṣẹ́ríìfù á sọ ibi tó wà fún yín. Ti ẹjọ́ rẹ̀, ojú òpó Harris County District Clerk ni kí ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí ẹ̀sùn, nọ́ńbà ẹjọ́, kọ́ọ̀tù tó wà, ọjọ́ tó máa fara hàn, àti iye béèlì. Ẹ wò ó bóyá felony ni wọ́n kọ, ìyẹn ẹ̀sùn ńlá, tàbí misdemeanor, èyí tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Òfin Texas ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ kí wákàtí 48 tó pé, nítorí náà bí ó bá jẹ́ alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú un, ó yẹ kí ìwé ti ń hàn ní ọjọ́ Àìkú. Bí kò bá lówó lọ́yà, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́ yẹn gan-an, wọ́n á yan ọ̀kan fún un.

Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́ sí onídùúró kankan, ìyẹn àwọn tó ń gbowó láti dúró béèlì fún èèyàn. Ìdá mẹ́wàá iye béèlì ni wọ́n sábà máa ń gbà, owó náà kì í padà wá, kódà bí wọ́n bá fagi lé ẹ̀sùn. Ẹjọ́ ODonnell tí àwọn kan pe Harris County lórí béèlì ní 2016 parí sí àdéhùn ní 2019, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn misdemeanor kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé láì san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ìwé béèlì rẹ̀ ná.

Ó tún ku èyí tó wúwo jù. Tí ọmọ yín kì í bá ṣe ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ẹ bèèrè bóyá ICE, ìyẹn àjọ ìmígréṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti fi ìwé dì í mú. Bí ìwé yẹn bá wà, bí ẹ bá san béèlì, ọgbà ẹ̀wọ̀n lè tún dá a dúró títí di wákàtí 48 kí ICE wá gbé e. Mo mọ ìdílé tó tọrọ owó, tó yá owó, tó san án tán, ọwọ́ ìmígréṣọ̀n ni ọmọ wọn bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Lọ́yà ìmígréṣọ̀n ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san nǹkan kan. Àdéhùn Vienna ti 1963, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n sọ fún kóńsúlétì Nàìjíríà pé òun wà ní àhámọ́. Ẹ̀yin náà lè kọ̀wé sí èyí tó wà ní Atlanta.

Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lánàá tí kò sí lónìí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbé e lọ. Nítorí àyè tí kò tó, Harris County ti kó àwọn kan lọ sí Louisiana àti Mississippi láìpẹ́ yìí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ wo ojú òpó BOP, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ti ICE ní ojú òpó tirẹ̀, wọ́n á bèèrè nọ́ńbà A, èyí tí ìmígréṣọ̀n fi ń mọ àjèjì, tó jẹ́ òǹkà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà yẹn, orúkọ gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu lẹ́tà sí lẹ́tà. TDCJ, àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Texas, wà fún àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi tí wọ́n sì ti rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, kò tíì kàn yín.

Bí ó bá pè yín, ẹ bi í nípa ara rẹ̀, ẹ bi í nípa oògùn tó ń lò, kó sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má jẹ́ kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó ń pe ẹjọ́ náà lè gbọ́ ọ, èdè Yorùbá kò sì bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, ògbufọ̀ wà.

Tí ẹ bá fẹ́ ìwé tí kò sí lójú òpó, bí ìròyìn ọlọ́pàá nípa bí wọ́n ṣe mú un, ẹ fi ìwé bèèrè lábẹ́ òfin Texas tó ń jẹ́ Public Information Act. Wọn kò lè fi kókó ìròyìn nípa ẹni tí wọ́n mú àti ẹ̀sùn rẹ̀ pa mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìyókù pa mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ní láti lọ bèèrè lọ́wọ́ Attorney General, olórí agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ kò lè fi ipá gbà á láti inú ẹ̀wọ̀n, torí òfin náà kò fi dandan lé e kí wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n lóhùn. Lọ́yà rẹ̀ ni kó kọ ọ́.

Láìpẹ́, ẹ lè rí fọ́tò rẹ̀ lójú òpó àwọn kan tí kì í ṣe ti ìjọba, kí wọ́n ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ má san án. Láti 2013 ni òfin Texas ti kà á léèwọ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ láti gbowó kí wọ́n tó yọ tàbí kí wọ́n tó tún ohun tí kò pé tàbí tí kò tọ́ ṣe. Bí ẹjọ́ bá sì já sófo, ẹ sọ fún lọ́yà kó bèèrè ní kọ́ọ̀tù bóyá wọ́n lè pa ìwé ìmúni náà rẹ́. Títí wọ́n á fi ṣe ìyẹn, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà á máa ń rí i.